Ọba Tí Kò Tíì Délé

Nínú oṣù August ní Houston, nígbà tí ooru máa ń mú títí tí ọ̀dà ojú títì á fi máa lẹ̀ mọ́ bàtà, ọwọ́ Oswald tutù. Kì í ṣe títutù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Títutù òkúta ìsàlẹ̀ odò ni. Á gun òrùlé olórùlé láti àárọ̀, á máa kan pákó, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á máa nu òógùn bí ẹni pé wọ́n da omi lé wọn lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tiẹ̀ á gbẹ. Mọ́pẹ́ rí i. Ẹni tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ìgbà èwe rẹ̀ kò lè ṣe kó má rí i. Lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń ṣeré, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń lù. Ó wá a títí. Nígbà tó yá, ó bá a: ó ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó jìnnà, bí àjẹ̀ tó ń bọ omi tó tún ń jáde.

Oswald rẹ́rìn-ín. "Ṣé mo ṣì wà láàyè?"

"O wà láàyè," Mọ́pẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ó yára fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

Omi ló gbé Oswald wá. Lọ́dún tí òjò rọ̀ tí kò fẹ́ dá mọ́, tí omi gba gbogbo àdúgbò wọn ní Spring, Mọ́pẹ́ àti Zoe, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń wo omi bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ wá bá wọn. Cornelius, ọkọ Mọ́pẹ́, ti kú nígbà náà. Àìsàn ọkàn ló mú un lọ. Àwọn ọkọ̀ tó ń kó èèyàn ń kọjá lókèèrè, ariwo ẹ́ńjìnnì wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ni wọ́n rí ọkùnrin gíga kan, onírùngbọ̀n, tó dúró gbọnyin nínú ọkọ̀ onígi, tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ bọ̀ láàárín ilé sí ilé. Kò pariwo, kò pè wọ́n. Ó kàn wá sábẹ́ fèrèsé, ó na ọwọ́ sókè.

Omi fà. Oswald kò bá omi lọ. Ó tún ògiri tó jẹrà ṣe, ó tún ilẹ̀ ilé tẹ́, nígbà tí iṣẹ́ sì tán, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má wá mọ́. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ káàárọ̀," ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ̀bà láìfi eyín kàn án. Bó bá jókòó sórí àga onírọ́bà ní ẹ̀yìnkùlé, àga náà á dà bí ìtẹ́. Zoe ló kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Kábíyèsí, your food is ready o!" Oswald á mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ti ń gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ Mọ́pẹ́, obìnrin náà ro ó títí. Lẹ́yìn náà ó gbà. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí oṣù October, ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí Mọ́pẹ́ ń lọ.

Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sunday, Mọ́pẹ́ á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, á máa ṣa ẹ̀gúsí, Oswald á sì máa pìtàn. Ìtàn kan ṣoṣo ló ní.

"Ní ìlú wa lọ́hùn-ún," á wí, "níbi tí òkun ti wọ àárín òkè bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ búrẹ́dì, ọba kan wà tó ń jẹ́ Asvald ọmọ Torgrim."

Mọ́pẹ́ kò fi ṣe nǹkan kan pé orúkọ méjèèjì jọra. Ta ni wọn kì í sọ lórúkọ baba ńlá rẹ̀?

Ọmọdé ni Asvald nígbà tí Ketil, àbúrò bàbá rẹ̀, dáná sun ààfin mọ́ Torgrim lórí. Wọ́n fi aṣọ ìgbòkun wé ọmọ náà, wọ́n gbé e sá wọ ọkọ̀. Ọwọ́ àwọn jagunjagun orí omi, àwọn tí ayé ń pè ní Viking, ló dàgbà sí. Ó mọ idà kó tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ilé. Nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ hù tán, ó kó ọkọ̀ jọ, ó padà, ó pa Ketil ní etí omi, ó sì gun orí ìtẹ́ bàbá rẹ̀.

"Ṣé ìlú tòrò lọ́wọ́ rẹ̀?" Mọ́pẹ́ bi í.

"Nílé, bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa ń jókòó lórí òkè kékeré kan, á máa dá ẹjọ́ onílẹ̀, á máa dá ẹjọ́ opó. Ebi kò pa ẹnikẹ́ni kú nígbà ayé rẹ̀. Àmọ́ ilé ẹlòmíràn ni oúnjẹ yẹn ti ń wá. Á kọjá òkun lọ jà, á kó ẹrù, á kó ẹrú bọ̀. Ìlú kan wà létí odò. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Asvald ní kí wọ́n tiná bọ̀ ọ́." Ẹyẹ kan ń ké lórí ọgbà. "Wọ́n ń kọrin, Mọ́pẹ́. Títí tí kò fi sí orin mọ́, wọ́n ń kọrin."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n. Mọ́pẹ́ gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó di ọwọ́ tútù náà mú.

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú ọba. Ragna, ìyàwó rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí kò bẹ̀rù rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà, á gbé orí rẹ̀ lé itan, á máa fi ìka ya irun rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ní, "Ó tó. Má lọ mọ́." Asvald ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Ragna wà nínú oyún. Nígbà tó rí i pé ọkọ òun kò ní gbọ́, ó pe arúgbó kan tó mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí okùn. Arúgbó náà so okùn mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọba, ó ní: "Irin kò ní dá ọ dúró, títí ìwọ yóò fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wọlé tọ ìyàwó rẹ."

"Irin wá dá a dúró?"

"Ọ̀kọ̀ gún un níhà ní ẹnu odò kan. Ó ṣubú sínú omi."

"Ṣé wọ́n gbé e délé? Oyún yẹn ńkọ́?"

Oswald wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí," ó wí.

Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn èyí, Zoe wá láti Third Ward, níbi tó ti ń lọ sí yunifásítì. Oswald wà níta, ó ń gé koríko. Zoe kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó wọ kíṣìnnì.

"Mummy, ẹ wo nǹkan. I'm not even joking." Ó na fóònù rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. "Wọ́n kó wa lọ sí músíọ̀mù lánàá. Wọ́n hú sàréè ọba Viking kan, wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà ṣe ojú rẹ̀ láti ara agbárí."

Mọ́pẹ́ wo fóònù. Imú yẹn ni, tó yẹ̀ díẹ̀ sí òsì. Iwájú orí yẹn ni. Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gé ìpéǹpéjú ọ̀tún sí méjì, èyí tí Mọ́pẹ́ máa ń fi àtàǹpàkò pa nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré, òun náà ni.

Ariwo ẹ̀rọ tí Oswald fi ń gé koríko ń lọ, ó ń bọ̀, lábẹ́ fèrèsé.

"Ó jọ Uncle Oswald gan-an, àbí?" Zoe ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀, ẹ̀rín náà kú. "Mummy?"

"Pa á rẹ́," Mọ́pẹ́ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Pa á rẹ́, má ṣe fi hàn án. Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ tí Mọ́pẹ́ kò lọ síbi iṣẹ́, ó lọ sí músíọ̀mù náà fúnra rẹ̀. Inú yàrá ńlá kan tí wọ́n dín iná rẹ̀ kù ni wọ́n kó àwọn egungun náà sí. Ọmọbìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ashley ló ń ṣe amọ̀nà àwọn àlejò, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó wà ní ilé ọ̀fọ̀. Lábẹ́ gíláàsì, egungun ọkùnrin gíga kan nà sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ ti fọ́ ọ níhà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni egungun obìnrin kan. Lórí àyà obìnrin náà, wọ́n tẹ́ egungun kan tó kéré débi pé Mọ́pẹ́ kọ́kọ́ rò pé ti ẹyẹ ni.

"Bí a ṣe bá wọn nínú ilẹ̀ la ṣe tò wọ́n," Ashley wí. "Obìnrin yìí àti ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú, àìsàn ibà ló jọ pé ó pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ọba dé láti òkè òkun, wọ́n tún sàréè hú, wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Eyín ọmọ náà fi hàn wá pé ó gbé ayé fún ìgbà díẹ̀, ó sì mu ọmú. Ọmọbìnrin ni. Orúkọ ìyá rẹ̀ ti sọ nù, a ò lè mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé."

"Ragna," Mọ́pẹ́ wí lábẹ́ ètè.

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ṣùgbọ́n gíláàsì náà rí kùrukùru nínú lọ́hùn-ún, ní apá ibi tí orí obìnrin náà wà, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sí dígí. Lẹ́yìn náà ó mọ́. Orí Mọ́pẹ́ wú.

Kò sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ní Iléṣà ti sọ ọ́ tán: èèyàn á kú, wọ́n á sin ín, wọ́n á jẹun òkú, ọdún á yí lu ọdún, ará ìlú rẹ̀ kan á wá bá a ní Kánò níbi tó ti ń ta aṣọ, tó ti láya tó ti bímọ. Ní kété tí ojú wọn bá pàdé, á pòórá. Àkúdàáyà. Ta ló wá kù láyé tó lè mọ Asvald ọmọ Torgrim? Kò sí, àfi Mọ́pẹ́. Àfi ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ojoojúmọ́ ni ojú wọn ń pàdé, kò sì tíì pòórá, torí Oswald kò tíì mọ̀ pé Mọ́pẹ́ ti mọ̀.

Ó wá pinnu pé òun á dákẹ́. Dídákẹ́ náà kò rọrùn. Wọ́n ti lẹ àwòrán ọba náà mọ́ ara bọ́ọ̀sì, wọ́n ti gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ freeway, òpópónà ńlá. "Oswald, jẹ́ ká gba ọ̀nà The Woodlands," á sọ bẹ́ẹ̀, á ní súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ wà níwájú. Bí tẹlifíṣàn bá fẹ́ sọ ìròyìn, á pa á. Lóru, ó ń gbé etí lé àyà Oswald, ó ń dúró de àjẹ̀ yẹn kó bọ omi.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ bá Ìyá Èyítáyọ̀, àgbà alásọtẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó rò pé wọ́n á pariwo, pé wọ́n á ní kí wọ́n gbààwẹ̀ lé e lọ. Wọ́n kò pariwo. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa aṣọ funfun wọn lórí orúnkún.

"Mọ́pẹ́, ṣé ó ti ṣe ọ́ ní ibi rí?"

"Rárá, Mama. Òun ló yọ wá nínú omi."

"Mi ò ní bá ẹ lé e nígbà náà. Ẹni tí kò tíì délé kì í ṣe ọ̀tá." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ tó o mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ tó o fi ṣenu mẹ́rẹ́n, kí la ó ti pe tìẹ?"

Mọ́pẹ́ sunkún títí ó fi dé Spring. Síbẹ̀, kò sọ.

Mall ni ọ̀rọ̀ náà ti já. Òun àti Oswald lọ ra òrùka ìgbéyàwó ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ọmọ ọwọ́ kan ké nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nítòsí wọn. Oswald dúró lójijì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbéra sókè díẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba nǹkan, lẹ́yìn náà wọ́n wálẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti kẹ̀kẹ́ náà kọjá lọ.

"Ọmọ Asvald yẹn," Oswald wí, kò wo Mọ́pẹ́, "ṣé o rò pé ó ké?"

Gbogbo ohun tí Mọ́pẹ́ ti ń dì mọ́ra tú. Ó fà á lọ sí ìdí mọ́tò, nínú oòrùn, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ó ké," ó wí. "Ó ké, ó sì mu ọmú. Ọmọbìnrin ni. Ibà ló mú wọn lọ, òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé ọ délé, Oswald. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n tẹ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ Ragna."

Ó ti sọ "ọ" kó tó mọ̀. Ó di ojú, ó ń retí kí apá náà pòórá lọ́wọ́ òun. Apá náà wà níbẹ̀, bóyá nítorí pé ọ̀nà ilé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án. Nígbà tó lajú, ọkùnrin náà ti fi ara ti mọ́tò, ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọdé tí wọ́n jí lójú oorun.

"Wọ́n gbé òkú lọ," ó wí. "Èmi dìde nínú omi, mo rí ọkọ̀ wọn tó ń lọ. Mo rìn tẹ̀ lé wọn. Bí mo bá fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ẹni tó mọ̀ mí á rí mi, màá kàn bá ara mi ní ilẹ̀ mìíràn. Nígbà tí àwọn tó mọ̀ mí kú tán, mo padà. Òkun ti yí àyè padà. Orúkọ ìlú ti yí. Kò sí ẹni tí mo lè bi léèrè." Ó nu ojú. "Níbo ni wọ́n wà?"

Mọ́pẹ́ ì bá purọ́. Ilẹ̀ ayé fẹ̀, ó ì bá ní ìdí yìnyín ni wọ́n wà.

"Wọ́n wà níhìn-ín," ó wí. "Wọ́n wà ní Houston."

Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n kọrí sí àárín ìlú. Wọ́n gba freeway lọ tààrà lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọjá lábẹ́ àwòrán ńlá náà, ó gbójú sókè wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bí mo bá wọlé, mi ò ní jáde mọ́, Mọ́pẹ́."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tó o fi ń mú mi lọ?"

Mọ́pẹ́ di ọwọ́ ìwakọ̀ mú ṣinṣin. "Ìṣojú mi ni wọ́n ti sin Cornelius. Mo mọ ibi tó wà, mo sì lè sùn. Ragna ò tíì sùn."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ náà, Oswald bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó fi iwájú orí kan iwájú orí Mọ́pẹ́. "O ṣé, aya mi," ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó pe ohùn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó wá ń rìn lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ dídán, bí ẹni tó mọ ibi tí àga rẹ̀ wà nínú òkùnkùn. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan ń bọ̀, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n gba àárín Mọ́pẹ́ àti Oswald kọjá. Nígbà tí wọ́n kọjá tán, kò sí ẹnì kan níwájú gíláàsì mọ́.

Mọ́pẹ́ dúró. Kò lè sunkún. Ó súnmọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kàn fẹ́ kí wọn kó tó máa lọ sílé.

Obìnrin kan dúró ní apá kejì gíláàsì. Mọ́pẹ́ kò rí i nígbà tó wọlé. Ó ga, aṣọ onírun àgùntàn tó nípọn wà lára rẹ̀ nínú oṣù tí gbogbo ayé ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, irun rẹ̀ sì dì kalẹ̀ dé ìbàdí. Ó gbé ọmọ ọwọ́ lé èjìká. Ojú rẹ̀ rẹ̀, irú ojú ẹni tó ti jókòó ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ń wo Mọ́pẹ́, kò sì sí ìbínú kankan níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọmọ kì í fi ọmọ sílẹ̀. Kí Mọ́pẹ́ tó ronú, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀. "Ìyálé mi," ó wí, "ẹ kú ìdúró o. Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Mo mú wọn dé."

Obìnrin náà yípo wá. Ó sọ nǹkan kan ní èdè tí Mọ́pẹ́ kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó yé e, bí ọ̀rọ̀ inú ilé ṣe máa ń yé èèyàn láti yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí ìyálé máa ń ṣe fún ìyàwó tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé ọmọ náà lé Mọ́pẹ́ lọ́wọ́.

Ọmọ náà wúwo. Ó gbóná. Ó yí orí, ó fi ẹnu wá àyà Mọ́pẹ́, ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì sùn.

"Ma'am? Are you okay?" Ashley ni, ó bẹ̀rẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Mọ́pẹ́ ṣì kúnlẹ̀, apá rẹ̀ ṣì ká bí apá ẹni tó gbé ọmọ.

"Mo wà dáadáa," ó wí. "Dákun, rọra sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Ashley fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo inú apá Mọ́pẹ́ níbi tí kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rín náà kò jáde mọ́, ó rọra kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, díẹ̀díẹ̀, kí bàtà rẹ̀ má bàa dún.